Àfòmọ́ Ò Bá Táńkì Wáyé

Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja òkun nínú ilé kì í pẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan. Ì báà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ì báà jẹ́ Houston. Ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ẹja fún un ló ti gbọ́ ọ, tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́ tó ti ń sin ẹja láti ogún ọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Gbogbo táńkì ló ní kòkòrò yẹn. Ẹja tó bá lágbára á bá a jà, èyí tí kò lágbára á kú." Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí ẹni ń tu ọlọ́fọ̀ nínú, nítorí ìgbà tí ẹja bá ti ń kú lọ ni wọ́n ń sọ ọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní ọkàn burúkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn ẹja dénúdénú. Síbẹ̀, ẹja tí ọ̀rọ̀ yìí ti rán lọ sọ́run kò lóǹkà.

Kòkòrò tí wọ́n ń sọ ni Cryptocaryon irritans, èyí tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń pè ní "ich" lásán. Ohun tí ojú ń rí ni àmì funfun wẹ́wẹ́ lára ẹja, bí ìgbà tí ènìyàn bu iyọ̀ wọ́n ọn. Ẹja aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọmọdé mọ̀ sí Dory wà lára àwọn tó tètè máa ń mú. Ẹja náà á máa fi ara ha òkúta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á kọ oúnjẹ. Nígbà tó bá di ọjọ́ mélòó kan, àmì funfun yẹn á pòórá, ẹni tó ni ẹja á sì máa dúpẹ́ pé aáyù tí òun lọ̀ pọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ, iyọ̀ náà á padà dé, á sì ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àmì tó pòórá kò túmọ̀ sí pé kòkòrò kú. Ó jẹun yó ni, ó sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tí kòkòrò yìí bá kọ́kọ́ kan ara ẹja, abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè ni ó ń gbẹ́ wọ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà fún ọjọ́ mẹ́ta sí méje, tí yóò máa jẹ ara ẹja náà, tí yóò máa tóbi. Bó bá yó tán, òkùnkùn ló máa ń dúró dè kó tó já bọ́. Yóò rá pálá lórí òkúta tàbí iyanrìn fún wákàtí mélòó kan, kì í sábà ju wákàtí 18 lọ, kó tó fi èèpo líle bo ara rẹ̀ bí èso. Nínú èèpo yìí ló ti ń pín ara rẹ̀: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí tí yóò fi tó 200 nígbà mìíràn. Èèpo kan lè là ní ọjọ́ kẹta, òmíràn lè pẹ́ tó oṣù kan, àwọn díẹ̀ sì wà tó ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Nígbà tó bá là, ìdájí tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń tú jáde jù, tí wọ́n á máa wẹ̀ kiri láti wá ẹja. Àsìkò tí wọ́n ní kéré. Kí wákàtí mẹ́jọ tó pé, agbára tí wọ́n fi ń wọ ara ẹja ti ń dín kù. Kí ọjọ́ méjì tó pé, èyí tí kò rí ẹja wọ̀ ti kú.

Ìdí ẹjọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Kòkòrò yìí kò lè jẹ ewé inú omi, kò lè jẹ ìgbín tàbí edé, kò lè jẹ iyùn, kò lè jẹ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táńkì. Ẹja nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Táńkì tí kò sí nínú rẹ̀, òtútù kò lè dá a síbẹ̀, ìjà láàárín ẹja kò lè dá a síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tí wọn kò pààrọ̀ fún oṣù mẹ́ta kò lè dá a síbẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè mú kí ẹja tó ti ní in tètè kú, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí kòkòrò tó wà nínú táńkì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé e wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, nítorí pé àfòmọ́ ni a ń pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, ewé tó ń hù lórí ẹ̀ka igi obì àti igi ọsàn la sì ti yá orúkọ náà. Àgbẹ̀ mọ̀ pé àfòmọ́ kì í bá igi obì hù láti ilẹ̀. Ẹyẹ ló lọ jẹ èso rẹ̀ níbòmíràn, tó wá fi kóró rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀ka. Kò sí àgbẹ̀ tó máa sọ pé gbogbo igi obì ló ní àfòmọ́ nínú, pé kí wọ́n kàn máa bu ajílẹ̀ sí ìdí igi kó lè lágbára. Àdá ni yóò mú gun igi.

Síbẹ̀, àwa náà ti ní ìgbàgbọ́ irú èyí rí. Ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, nígbà tí àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ń bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí sòbìà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ fún wọn pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà láti ìgbà ìbí, bí iṣan ṣe wà níbẹ̀. Ti ẹnìkan á jáde, ti ẹlòmíràn á jókòó jẹ́jẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọdún kan ló máa ń wà láàárín omi tí ènìyàn mu àti ọjọ́ tí aràn náà yọrí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò so méjèèjì pọ̀? Ṣùgbọ́n omi ni. Nígbà tí wọ́n kà á kárí Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, àwọn tí sòbìà ń bá jà lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi mímu, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n da oògùn sínú adágún tó ní kòkòrò tó ń gbé e, wọ́n sì ní kí ẹni tí sòbìà ń jáde lára rẹ̀ má ti ẹsẹ̀ bọ odò. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n ní ó wà lára gbogbo ènìyàn ò sí lára ẹnì kankan mọ́.

Ìlànà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí gíláàsì, ó sì rọrùn níbẹ̀ ju ti Ìdèrè lọ lọ́nà ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń ṣí i.

Ìtàn àwọn àfòmọ́ wọ̀nyí fúnra rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ní ilé ẹja tó wà nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ni E. M. Brown ti kọ nípa àfòmọ́ kejì tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń bẹ̀rù, Amyloodinium ocellatum tí wọ́n ń pè ní "velvet", ní 1931. Òun náà ló fún Cryptocaryon lórúkọ ní 1951, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sikama ti kọ nípa àìsàn náà ní Japan ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹja inú New York Aquarium ni MacCallum ti rí aràn pẹlẹbẹ tó fún lórúkọ ní 1927, èyí tí à ń pè ní Neobenedenia melleni lónìí. Ilé ẹja yìí kan náà kó lọ sí Coney Island ní Brooklyn ní 1957. Nígbà tí Lom àti Nigrelli rí àfòmọ́ tuntun lára ẹja ibẹ̀, wọ́n fi orúkọ àdúgbò náà sọ ọ́ ní 1970: Brooklynella hostilis, èyí tó ń bó awọ ẹja Nemo bí ìgbà tí ènìyàn ń bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹja òkun ti ń ru àfòmọ́ káàkiri láti ayébáyé, ṣùgbọ́n inú àpótí gíláàsì ni àwọn wọ̀nyí ti gba orúkọ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti di àjàkálẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le. Inú òkun, igba ọmọ tú jáde láti inú èèpo kan, ìgbì gbá wọn lọ, ẹja tí ìyá wọn já bọ́ lára rẹ̀ lánàá sì ti lọ jìnnà. Kí ọ̀kan péré nínú igba rí ẹja, ìran kòkòrò náà kò ní parun, ẹja náà kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Ẹ wá gbé e sínú táńkì tó gba 300 lítà. Ihò òkúta kan náà ni ẹja ń sùn sí lálaalẹ́, àwọn èèpo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n já bọ́ sí. Ká ní ogún péré nínú igba rí ẹja wọ̀. Ọ̀kan ti di ogún. Ìran kejì, ogún ti di irínwó. Ìran kẹta, irínwó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, oṣù méjì lè má tíì pé. Àwọn tó ń sọ pé ẹja àti àfòmọ́ ti jọ ń gbé láti ọjọ́ tí òkun ti wà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa òkun. Táńkì kì í ṣe òkun.

Èyí tó lágbára jù nínú ẹjọ́ wọn ni ti ẹja tó ń ní àjẹsára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní Plymouth, ní England, Peter Burgess àti Matthews fi ẹja mullet ṣe ìwádìí rẹ̀ láàárín 1990 sí 1995. Ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà ní ààbò tó lè tó oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, nígbà tí ọlọ́sìn ẹja kan bá ní òun kò ṣe nǹkan kan, àìsàn náà sì lọ fúnra rẹ̀, kò parọ́. Ohun tí kò rí ni ó yẹ kí wọ́n bi í. Ààbò náà kì í ṣe ti gbogbo ẹja, kì í sì í ṣe títí láé. Kòkòrò díẹ̀ lè máa gbé níbi tí ẹja fi ń mí, tí ojú ènìyàn kò lè dé, tí kò sí àmì kankan lára. Táńkì tó dà bíi pé ó ti gbádùn ti di ilé ìkóàìsàn-pamọ́. Lọ́jọ́ tí ọlọ́sìn yìí bá ra ẹja tuntun tí kò ní ààbò, ẹja náà á wọlé, á kú lọ́sẹ̀ kejì, ọlọ́sìn náà á sì sọ pé ọjà tí kò dára ni wọ́n tà fún òun. Táńkì tirẹ̀ ló pa á.

Àwọn ará Plymouth yìí kan náà rí nǹkan mìíràn tí àwọn tó ń tọ́ka sí wọn kì í sọ. Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ìran kòkòrò kan láti ara ẹja sí ara ẹja, láì fi kòkòrò àjèjì kún un, ó rẹ̀ ẹ́: lẹ́yìn nǹkan bí ìyípo 34, kò lè wọ ara ẹja mọ́. Pẹ̀lú ẹja nínú omi pàápàá, ìran kan kì í wà títí láé. Ohun tó ń mú un wà nínú ilé àwọn ènìyàn ni pé wọ́n ń ra ẹja tuntun lóṣooṣù, wọ́n ń dà á sínú omi ní ọjọ́ tó dé, wọ́n sì ń gbé kòkòrò tuntun wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn.

Velvet kì í tilẹ̀ dúró de ọ̀rọ̀ àjẹsára. Ọ̀kan lè di 256. Ibi tí ẹja fi ń mí ló ń kọ́kọ́ kọlù, nítorí náà ẹja lè kú kí ẹnikẹ́ni tó rí eruku wúrà tó fi ń bo awọ. Ẹja tó ń sá fún iná, tó lọ dojú kọ ibi tí omi ti ń tú jáde láti inú ẹ̀rọ, tó ń mí kíákíá, kò ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi ṣe àyẹ̀wò agbára rẹ̀.

Aáyù ńkọ́? Ní Townsville, ní Australia, àwọn onímọ̀ Yunifásítì James Cook fi omi aáyù pò mọ́ oúnjẹ ẹja barramundi fún ọgbọ̀n ọjọ́, aràn Neobenedenia sì dín kù lára wọn. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ tún fi hàn pé edé pupa tó ní ìlà funfun lẹ́yìn, Lysmata amboinensis, ń jẹ ẹyin aràn yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aràn pẹlẹbẹ tó jókòó sórí awọ ni wọ́n ń sọ. Cryptocaryon wà lábẹ́ awọ, ẹnu edé kò lè dé ibẹ̀, kò sì sí ìwádìí tó fi hàn pé aáyù ń lé e jáde. Iná UV ń pa kòkòrò tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ tó jáde láti orí òkúta tó sì bọ́ sára ẹja tó ń sùn ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí i kò bá ti iná kankan kọjá. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí lè dín in kù. Ilé tí eku ọgbọ̀n wà, tí wọ́n pa ogún, eku ṣì wà níbẹ̀, wọn yóò sì tún bímọ.

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ fi pẹ́ lẹ́nu ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni pé àwọn tí ẹja wọn yè ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí ẹja wọn kú tán ti ta táńkì wọn, wọ́n ti lọ. Èkejì ni bí ọjà ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, omi kan náà ló ń yí gbogbo táńkì po, ẹja láti òkun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń mu ún pọ̀. Àwọn kan ń fi oògùn bàbà díẹ̀ sínú omi náà, èyí tó kéré ju ohun tó lè wo ẹja sàn lọ, ṣùgbọ́n tó tó láti mú kí àmì má hàn. Ẹja náà á mọ́ ringindin lójú ẹni tó ń rà á. Bó bá dé omi tí kò ní bàbà, kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àmì á yọ, ẹni tó rà á á sì gbà pé táńkì òun ló ní in tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ ẹja òkun tí à ń sin nílé, inú òkun ni wọ́n ti mú un, ní Indonesia àti Philippines pàápàá. Ọdún 2016 ni Yunifásítì Florida tó kọ́kọ́ rí ẹja Dory tọ́ dàgbà láti inú ẹyin; ẹja aláwọ̀ ìyeyè tó jọ ọ́, Zebrasoma flavescens, ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n rí i tọ́ ní Hawaii. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yòókù tó wà lórí àtẹ, apẹja ló fi àwọ̀n kó wọn láti inú iyùn, tí wọ́n di wọ́n sínú ọ̀rá, tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn kọjá ìdajì ayé. Ẹja tó ti la gbogbo èyí já, tó wá kú nínú pálọ̀ ènìyàn nítorí pé wọ́n ní ẹni tó bá lágbára ni kó yè, ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó rà á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òmíràn ni wọ́n á tún lọ mú láti inú òkun láti fi dípò rẹ̀.

Ọ̀nà láti ti ẹnu ọ̀nà náà ni ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn ni kí ẹja tuntun kọ́kọ́ dá gbé nínú táńkì kékeré tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bá àwọn yòókù. Àwọn tó lòdì sí i ní ìdáhùn mẹ́ta: kò sí àyè, ó náni lówó, ó sì ń pọ́n ẹja lójú. Ti àyè àti owó kò gba àkókò. Táńkì 40 sí 80 lítà tí kò ní iyanrìn tàbí òkúta kankan nínú, ẹ̀rọ amómigbóná, fóòmù asẹ́mi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sínú omi táńkì tó ti pẹ́, èyí tí kò ní àìsàn, kí kòkòrò rere lè hù sí i lára, ìgékúrú páìpù méjì mẹ́ta tí ẹja á máa sá pamọ́ sí, àti ìdérí. Owó ẹja olówó ńlá kan ṣoṣo lè ra gbogbo rẹ̀.

Ti ìpọ́njú ni òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Bàbà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú táńkì ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ májèlé. Tí ó bá kéré, kò ní pa kòkòrò; tí ó bá pọ̀, á pa ẹja. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún bàbà lásán kò ju 0.15 sí 0.2 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, ti èyí tí wọ́n so mọ́ nǹkan mìíràn sì sún mọ́ 2 sí 2.5, nítorí náà ẹni tí kò lè fi nǹkan ìdánwò wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ lò ó. Bàbà kò sì gbọdọ̀ wọ inú táńkì ńlá láé: òkúta á fà á mu, edé, ìgbín àti iyùn á sì kú. Amóníà inú omi kékeré náà ń pa ẹja. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ń sọ pé kí á ṣe ìyàsọ́tọ̀ dáadáa ni, kò sọ pé kí á má ṣe é. Ó sì yẹ kí á wọn ìpọ́njú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú àpótí kékeré mọ́ ìpọ́njú ẹja tí ọmọ kòkòrò ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ń gbẹ́ ihò sí lára.

Ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tí kò lo oògùn rárá. Angelo Colorni, tó ṣiṣẹ́ ní Eilat ní Israel, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1987. Kòkòrò kì í lò ju ọjọ́ méje lọ lára ẹja, èèpo rẹ̀ kì í sì í là kí ọjọ́ kẹta tó pé. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta, kí a gbé ẹja láti inú àpótí kan sínú òmíràn tó mọ́ tó sì gbẹ tẹ́lẹ̀, nígbà mẹ́rin. Bí ẹja ti ń lọ, ó ń fi èèpo sílẹ̀ lẹ́yìn kó tó là. Ọjọ́ kejìlá, ara rẹ̀ ti mọ́. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì tó gba omi dáadáa lè ṣe é. Kò ní wo velvet sàn, kò sì ní lé aràn, ṣùgbọ́n fún ich, sùúrù àti omi tuntun nìkan ló ń béèrè.

Fún velvet, oògùn kan wà tí ẹni tó dàgbà ní Nàìjíríà kò ní gbàgbé: chloroquine. Èyí tí ìyá ń fún ọmọ lò fún ibà, tó ń korò bí ewúro, tó ń mú kí ara yún ọ̀pọ̀ nínú wa débi pé wọn kì í lè sùn, kí ìjọba tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Nínú omi iyọ̀, nǹkan bí 10 sí 15 mílígíráàmù nínú lítà kan ni wọ́n ń lò, nínú táńkì ìyàsọ́tọ̀ nìkan, pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà ẹranko. Àfòmọ́ tó ń fa ibà àti àfòmọ́ tó ń fa velvet kì í ṣe ẹ̀dá kan náà, ṣùgbọ́n oògùn kan náà ń ká wọn mọ́. Ti aràn pẹlẹbẹ rọrùn láti rí: bí wọ́n bá ri ẹja sínú omi tí kò ní iyọ̀, tó gbóná bíi ti táńkì, fún ìṣẹ́jú márùn-ún, aràn á funfun, á sì máa já bọ́ lójú ẹni. Praziquantel ló ń pa á, ṣùgbọ́n kì í pa ẹyin rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún un lò.

Ẹja nìkan kọ́ ló ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èèpo kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ ìkarahun ìgbín, mọ́ òkúta kékeré tí iyùn tí wọ́n rà jókòó lé, mọ́ àwọ̀n tó tutù. Omi inú ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ kan táńkì rárá. Àwọn onímọ̀ ní Australia tilẹ̀ fi hàn ní 2006 pé velvet lè bá ìkán omi fò nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́, ó tó mítà mẹ́ta, nítorí náà ẹni tó gbé táńkì ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ sábẹ́ táńkì ńlá kò tíì ya nǹkan kan sọ́tọ̀.

Ó ku àwọn tó ti ní in nínú táńkì báyìí. Fún àwọn wọ̀nyí, ìmọ̀ràn náà le, ọ̀pọ̀ sì ń kọ̀ ọ́ nítorí pé òkúta tí wọ́n tò fún oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní láti tú palẹ̀ kí wọ́n tó lè mú ẹja tó kẹ́yìn. Kí wọ́n tú u. Kí gbogbo ẹja, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀, lọ gba ìtọ́jú níbòmíràn. Iyùn, ìgbín àti edé á dúró sínú táńkì, iná á máa tàn, ẹ̀rọ á máa yí omi. Colorni rí èèpo tó pẹ́ tó ọjọ́ 72 kó tó là, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣọ́ra fi ń ka ọjọ́ 76. Àwọn kan ń sọ pé 45 tó bí omi bá gbóná dé 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ti sin òkú ẹja rí, oṣù kan sí i kò pọ̀ jù. Èèpo á máa là lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkúta, ọmọ wọn á máa wẹ̀ kiri ní ìdájí, kò sí ẹja tí wọ́n á rí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rin, ẹja lè padà wọlé.